Bí Orúkọ Ìdúpẹ́ Ṣe Lọ, Tí Iyanrìn Rẹ̀ Sì Kù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí títí mo fi lè jókòó kọ èyí pẹ̀lú ojú tó ṣì ń ríran. Mo dúpẹ́ fún ìyá tó bí mi, fún ìjọ aláṣọ funfun tó kọ́ mi ní Á Bí Dí lórí ẹní, àti fún àwọn tí a jọ jà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Àwọn tó ti sùn nínú wọn, kí Olúwa fún wọn ní ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ rántí ìjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ìbínú má baà gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òjò, lẹ́yìn tí àìsàn kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé tó sì ti tú wa sílẹ̀. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ olùkọ́ ní agbègbè wa. Mo ti bá wọn yanṣẹ́ lódì, mo ti gbé páálí dání nínú oòrùn, tajútajú ti mú mi lójú rí. Ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní tajútajú nínú, kò sì sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ìdìbò kan ni, láàárín àwa àti àwa, lórí orúkọ iléèwé tí gbogbo wa ti jáde. Nínú gbogbo ìjà tí mo ti bá wọn jà, òun ni mo máa ń rò jù. Tí ènìyàn bá ń bá ìjọba jà, ó mọ ibi tí ó yẹ kó kọjú sí. Tí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ni, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ilé tí a wò kí a tó pe iléèwé náà ní Ìdúpẹ́.

Kí ọ̀nà ńlá tó ti Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́ tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn òbí wa fi ń lọ sí Èkó. Ẹja àti àgbọn ni iṣẹ́ wọn. Kò sí iléèwé girama nítòsí. Ọmọ tó bá parí ìwé mẹ́fà, àwọ̀n ló kù fún un. Ìyá mi sọ fún mi pé ìjọ wa ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ jọ sínú ilé àdúrà, olùkọ́ kan ṣoṣo, kíláàsì kan ṣoṣo. Nítorí pé ilé àdúrà ni, gbogbo wọn ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń ṣe nínú ìjọ wa títí dòní. Ẹni tó bá wọ sùtánà, aṣọ funfun wa, kì í wọ bàtà sí i.

Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀, Bàbá Oríyọmí, olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, fún wọn ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Addo. Mùsùlùmí ni bàbá náà. Wọ́n ní ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ọlọ́run ni mo fún. Tí ẹ bá ń gbàdúrà lórí rẹ̀, ẹ bọ́ bàtà." Àwọn obìnrin ìjọ ru iyanrìn láti etí ọ̀sà fi kún ibi tí omi ń dúró sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan páànù òrùlé, wọ́n kọrin ọpẹ́ láti àárọ̀ títí tí oòrùn fi wọ̀, àwọn ará abúlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní Ìdúpẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó sọ ọ́ lórúkọ.

Báyìí ni àwa náà ṣe bá a. Láràárọ̀, gbogbo wa á to bàtà wa sábẹ́ igi fúrúùtù, a ó dúró lórí iyanrìn láìwọ bàtà, a ó gbàdúrà, a ó kọrin, a ó gbọ́ ìkéde. Àwọn ọmọ mùsùlùmí, àwọn ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ apẹja, ọmọ olórí ìdílé. Àwọn iléèwé mìíràn máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tí a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n á máa kígbe:

"Ìdúpẹ́, Ìdúpẹ́, bàtà yín dà?"

"Ó wà nílé!"

"Irọ́ ni, ẹ ti fi ra gàrí!"

Àwa náà á sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ wo ìdí àwọ̀n góòlù wọn, kí wọ́n ka iye gàrí tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọkùnrin wa fi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tí iyanrìn yẹn ṣe fún mi. N kò ní bàtà nígbà tí mo wọlé. Odidi sáà kan ni mo fi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì mi kò mọ̀, nítorí pé láàárọ̀ tí ojú ń wo ojú, kò sí ẹni tó wọ bàtà. Kẹ́hìndé Oríyọmí, ọmọ ọmọ bàbá tó fún wa nílẹ̀, wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú mi. Bàtà tirẹ̀ máa ń dán lábẹ́ igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi.

Kẹ́hìndé yìí kan náà ni alága Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ti di olórí ìdílé wọn. Láti ara ilẹ̀ tí wọ́n tà àti ilé tí wọ́n fi háyà ni wọ́n ti ń jẹun, bí ti ọ̀pọ̀ ìdílé onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjọba ti gba iléèwé náà lọ́wọ́ ìjọ nígbà kan, ó sì ti dá a padà. Lọ́jọ́ tí ó dá a padà ni a ṣe àdéhùn tí gbogbo wa mọ̀ sórí: orúkọ iléèwé, ìbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ló lè yí i padà. Ilẹ̀ iléèwé, a kò lè dìbò lórí rẹ̀ àfi tí olórí ìdílé Oríyọmí àti aṣojú ìjọ bá jókòó sí ìpàdé náà. Aṣojú ìjọ ni Màmá Ẹ́sítérì, ìyá àgbà kan tó ń rán sùtánà ní Addo. Láti ìgbà àdéhùn yẹn, kò sí ìpàdé tí kò wá.

Ní ìpàdé kan lábẹ́ igi fúrúùtù ni Kẹ́hìndé ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí a yí orúkọ padà, kí a gé apá kan iyanrìn náà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé, kí a fi owó rẹ̀ tún kíláàsì ṣe, kí a sì fi òkúta ìgbàlódé tẹ́ èyí tó bá kù. Orúkọ tuntun tó mú wá jẹ́ orúkọ òyìnbó kan tó dà bí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa," ni ó wí. "Tí mo bá sọ fún àwọn ayálégbé mi pé Ìdúpẹ́ ni iléèwé tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n á bi mí pé ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Lukmọ́nì, ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, gbé ọwọ́ sókè. "Kí lẹ dá wọn lóhùn, Alága?"

"Mo ní iléèwé ni."

"Ó parí nìyẹn. Wọ́n ti mọ̀."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lukmọ́nì, ìwọ odidi àáfà, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lo wá ń jà fún?"

"Kí ni ìtumọ̀ Alihamudu lilahi, Alága? Ṣé kì í ṣe ìdúpẹ́ ni? Ẹ bá mi wá orúkọ tó jẹ́ ti mùsùlùmí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Nígbà tí ìpàdé tú, mo bá Kẹ́hìndé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Fẹlí, ìtàn lò ń sọ. Ọmọ lèmi ń wò. Kíláàsì tí àwa ń fún ara wa pọ̀ nínú rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí. Láti Ìkàtè títí dé Ajah, iléèwé aládàáni ló kún. Ta ni nínú àwọn ará Thomas Estate tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá síbi tí wọ́n á ti ní kó bọ́ bàtà sínú iyanrìn? Tó bá yá, orúkọ nìkan ló máa kù, kò ní sí ọmọ tí yóò jẹ́ ẹ."

"Ká tún iléèwé ṣe. Ta ló ní ká má tún un ṣe?"

"Kí la fẹ́ fi tún un ṣe? Orin?"

N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tó sọ. Àwọn ọmọ ń dín kù lóòótọ́, páànù sì ń jò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí orúkọ bá lọ tí iyanrìn sì lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí mọ́ pé àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé ló dá a sílẹ̀. Ohun tí a ń jà fún nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Ẹ́sítérì la ti ń ṣe ìpàdé tiwa, láàárín aṣọ funfun tí a ti gé tí a kò tíì rán. A ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, a ń pe àwọn tó wà lókè òkun lórí fóònù, a ń bẹ àwọn tí wọ́n ti bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n padà wá. Nígbà tó fi máa ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a dìbò, ó ti hàn pé a pọ̀ jù wọ́n lọ. Kẹ́hìndé náà mọ̀. Ó rí mi lójú títì, ó ní, "Fẹlí, ẹgbẹ́ olùkọ́ ti bà ọ́ jẹ́. O ti sọ ẹgbẹ́ wa di ti òṣèlú."

"Ṣé kí a sùn kí ẹ máa dìbò ni?" ni mo bi í.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ìpàdé sí, lọ́sàn-án. Màmá Ẹ́sítérì ló dá àbá pé kí àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ má lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, kí a wọ sùtánà wa lọ tààrà. "Ìyá mi ru iyanrìn yẹn pẹ̀lú oyún mi nínú," ni ó wí. "Kí wọ́n rí aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá rí i tí kò rántí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni." Gbogbo wa gbà. Ó dára lójú wa. Kò sí ẹni tó rò ó pé ó lè di nǹkan. Gbogbo ìpàdé tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti wà, orí iyanrìn ni, a kì í sì wọ bàtà dé orí iyanrìn. Láyé wa, a kò tíì nílò bàtà rí kí a tó lè sọ̀rọ̀ nípa Ìdúpẹ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iṣẹ́ dé sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé omi ti gba iyanrìn, pé ìpàdé yóò wáyé ní gbọ̀ngàn inú ẹ́sítéètì tí alága ń gbé. Omi gbà á lóòótọ́. Mo fi ojú ara mi rí i. Kò sí ohun tí a lè sọ sí i.

A dé ẹnu géètì ẹ́sítéètì náà lọ́jọ́ kejì, àwa tí a wọ funfun, a pọ̀ débi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń dẹ ẹsẹ̀ wò wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì kí wa dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màmá. Lẹ́yìn náà ni ó wo ẹsẹ̀ wa.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ fi bàtà sẹ́sẹ̀ kí ẹ tó wọlé."

"Sùtánà la wọ̀, ọmọ mi. A kì í wọ bàtà sí i."

"Mo mọ̀, Màmá. Ìyá tèmi náà ń wọ̀ ọ́. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tí kò bá wọ bàtà ò gbọdọ̀ kọjá ibí."

Mo sún mọ́ ọn. "Láti ìgbà wo ni òfin yẹn ti wà?"

Ó wo ẹnìkejì rẹ̀ kó tó dáhùn. "Àárọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún wa, mà."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun."

N kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ẹnì kan ní kí a lọ ra sílípáàsì lójú títì. Ẹlòmíràn ní ṣé orí sùtánà la fẹ́ wọ̀ ọ́ sí. Ariwo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni Màmá Ẹ́sítérì bá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹni tó bá lè bọ́ sùtánà rẹ̀, tó ní aṣọ lábẹ́, kó bọ́ ọ, kó wọ bàtà, kó wọlé lọ dìbò. Mi ò ní bá a jà, Ọlọ́run náà ò ní bá a jà. Èmi ò ní bọ́ tèmi lẹ́nu géètì."

Àwọn díẹ̀ bọ́ tiwọn, wọ́n yá bàtà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n wọlé. Àwọn tó pọ̀ jù kò lè bọ́ ọ. Olùdarí akọrin wa, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, ní, "Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí mo wọ̀ sábẹ́ yìí ti ya. Bí mo bá wọlé báyìí, wọn ò ní dìbò mọ́, wọ́n á sá jáde ni." A rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín tí a rín kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Mo pe Kẹ́hìndé lórí fóònù. Kò gbé e. Mo tún un pè. Mo wá pe Lukmọ́nì, tó ti wọlé láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Mo sọ ibi tí a wà fún un. Ó ní, "Má gé fóònù yìí." Ó gbé e sórí àga tó wà níwájú rẹ̀, èmi náà sì sọ tèmi di gbohùngbohùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rọ̀gbà yí fóònù ká lẹ́nu géètì, tí a ń gbọ́ ìpàdé tó yẹ kí a wà nínú rẹ̀.

A gbọ́ ohùn Lukmọ́nì. "Alága, ẹ dákun, àwọn ènìyàn wa wà lẹ́nu géètì. A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Kẹ́hìndé dáhùn. "Aago ti lù. Ẹni tó fẹ́ wá ti wá."

"Wọ́n ti wá, Alága. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì ni kò jẹ́ kí wọ́n wọlé."

"Òfin ẹ́sítéètì ni, kì í ṣe òfin tèmi."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé bíi mélòó kan síbí? Ẹ kò lè bá wọn sọ ọ́?"

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí Lukmọ́nì jókòó, ẹnì kan ní kó má jókòó. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ Kẹ́hìndé tó ní kí àwọn tó fẹ́ orúkọ tuntun dìde. A gbọ́ ìró àga. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìró náà tó dáwọ́ dúró. Ó ní kí àwọn tí kò fẹ́ ẹ dìde. Ìró yẹn kò pẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Màmá Ẹ́sítérì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ kan mi léjìká. "Ṣé wọ́n ti parí ni?"

"Ti orúkọ ti parí, Màmá."

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá."

Ó mi orí.

Inú fóònù, Kẹ́hìndé ti ń sọ pé ó ku ti ilẹ̀. Ó ń ṣàlàyé ibi tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kọ́lé sí. Lukmọ́nì kò pariwo. Ó kàn bèèrè pé, "Aṣojú ìjọ dà?"

A gbọ́ ìró àga, bí àwọn ènìyàn ṣe ń yíjú wá a kiri. Ó ti mọ́ gbogbo wa lára pé Màmá Ẹ́sítérì máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹni tó wó ògiri láìwo òpó tó gbé ilé ró ni Kẹ́hìndé rí lọ́jọ́ náà. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó wọ funfun kí ìbò wọn lè dín, kò sì rántí pé ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ìbò ilẹ̀ kò lè wáyé láìsí.

Fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu géètì dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí wa. "Wọ́n ní kí Màmá máa bọ̀."

"Bàtà ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Wọ́n ní kò sí wàhálà, mà."

"Òfin ti kú nìyẹn? Ó mà yára o. Kí ni wọ́n fi pa á?"

Kò wọlé. Kò pẹ́ tí Kẹ́hìndé fi jáde wá fúnra rẹ̀, agbádá rẹ̀ lórí apá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá dáadáa. N kò lè sọ pé kò bọ̀wọ̀ fún un.

"Màmá, ẹ má bínú. Àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ ká wọlé, àga yín wà níbẹ̀."

"Àwa mélòó?"

"Ẹ̀yin, Màmá."

"Àwọn yìí ńkọ́?"

"Ìbò tó kàn wọ́n ti kọjá, Màmá. A kò lè dá a padà."

"Kẹ́hìndé."

"Mà."

"Nígbà tí bàbá bàbá rẹ ń fún wa nílẹ̀, ṣé ẹnu géètì ló ti fún wa?"

Mo rí i pé ó wo ẹsẹ̀ Màmá, ó sì gbójú kúrò.

"Ẹ ti ṣe ti orúkọ láìsí wa," ni Màmá wí. "Ẹ lọ ṣe ti ilẹ̀ náà láìsí wa, bí ẹ bá lè ṣe é."

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí apá Addo. Kẹ́hìndé di apá mi mú. "Fẹlí, jọ̀ọ́, bá mi bẹ Màmá."

Mo ní, "Mo pè ọ́ lórí fóònù, o kò gbé e."

A tẹ̀lé Màmá. Oòrùn ti jáde lẹ́yìn òjò, ọ̀dà ojú títì sì ti gbóná. Kò sí ẹni tó kọrin. Nínú ìwọ́de ẹgbẹ́ olùkọ́, a máa ń kọrin kí ẹ̀rù má baà bà wá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ wa tó ń jó ni gbogbo wa gbọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yà fún wa, obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun sì bi wá pé ta ló kú.

Ìbò ti ilẹ̀ kò wáyé lọ́jọ́ náà. Kò sì tíì wáyé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n wá bẹ Màmá Ẹ́sítérì lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní ìgbà tí wọ́n bá tún ìbò orúkọ dì ni òun yóò jókòó. Àwọn kan nínú wa fẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn àgbà ìjọ kọ̀, wọ́n ní Ìwé Mímọ́ kò fẹ́ kí arákùnrin pe arákùnrin lẹ́jọ́. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn nígbà náà, n kò sì tíì gbà pẹ̀lú wọn tán. Mo tẹ̀lé wọn ni. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ ogbó, wọ́n fi sùtánà tó rán fúnra rẹ̀ sin ín. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò tíì jókòó sí ìpàdé kankan lórí ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé ti bá tiwọn lọ síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e sórí ìwọ̀n báyìí. Orúkọ lọ. Wọ́n yí pátákó ẹnu ọ̀nà padà kí oṣù yẹn tó parí. Kò sì ní dára kí n fi èyí pamọ́: àwọn ọmọ pọ̀ sí i. Àwọn òbí láti inú àwọn ẹ́sítéètì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wá, bí Kẹ́hìndé ṣe sọ. Ṣé orúkọ ló fà á, àbí páànù tuntun tí ìdílé Oríyọmí fi owó ara wọn kàn lẹ́yìn náà? N kò mọ̀. Àwọn ọmọ ń wọ bàtà dúró fún àdúrà àárọ̀ báyìí. Iyanrìn ṣì wà, ó gbòòrò bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sí òkúta kankan lórí rẹ̀. Ìyẹn la mú bọ̀, kì í sì í ṣe ọgbọ́n wa ló fún wa. Ọ̀tá wa ló gbàgbé àga kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. A ka orí ènìyàn wa, a mọ iye tí a jẹ́, a kò bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá yan ibi tí a ó ti dìbò ti dìbò tirẹ̀ kí ẹ̀yin tó dé. Tí wọ́n bá gbé ìpàdé kúrò níbi tí ẹ mọ̀, kódà tí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ẹ tètè lọ wo ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ní ti gbèsè, ó wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà tó dúró nínú oòrùn lọ́jọ́ náà. Èmi àti Kẹ́hìndé ń kí ara wa, a jọ ń jókòó níbi ìsìnkú àwọn ọ̀rẹ́ wa, a kò tíì sọ ọ́ rí. Gbèsè kejì wà lọ́rùn tiwa, àwọn ọmọ la jẹ ẹ́. Ọdún tó kọjá ni mo rí i, nígbà tí wọ́n pè mí wá síbi ìdíje eré ìdárayá iléèwé náà. Ọmọbìnrin kan, ó ṣeé ṣe kó wà ní kíláàsì kejì, ni wọ́n ní kó máa tọ́jú àwọn àlejò. Ó gbé omi wá fún mi lábẹ́ igi fúrúùtù, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀, mà. Iléèwé wo ni ẹ lọ, mà?"

"Ìdúpẹ́," ni mo wí.

Ó rò ó díẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, kò fẹ́ kí n rò pé òun kò mọ iléèwé mi. "Níbo ni ìyẹn wà, mà?"

"Ibí yìí ni."

Ó wo iyanrìn, ó wò mí. "Kí ló dé tí wọ́n fi yí orúkọ ẹ̀ padà, mà?"

Fèrè dún, wọ́n ń pe àwọn tó fẹ́ sáré. Ó ní kí n má bínú, òun ń bọ̀ wá gbọ́. Ó sáré lọ sínú ìlà tirẹ̀, n kò sì rí i mọ́ kí n tó lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo jókòó dáhùn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn yín. Kí ibi tí wọ́n bá ti ń pín ohun tó kàn yín má ṣe ṣàì rí yín. Kí ẹ má ṣe di àlejò nílé tí àwọn ìyá yín fi orí kọ́. Kí àwọn ọmọ yín mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Àmín.